Fóònù, Kindle, Kobo, Boox tàbí táblẹ́ẹ̀tì: èwo ló yẹ ẹni tó ń ka Yorùbá?

Ẹni tó bá fẹ́ máa ka ìwé lórí ẹ̀rọ lónìí, ọ̀nà pọ̀ níwájú rẹ̀. Fóònù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Táblẹ́ẹ̀tì wà lọ́jà. Kindle ti Amazon wà, Kobo wà, Boox tí wọ́n ń ṣe ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà náà wà. Ìmọ̀ràn lórí wọn kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ẹni tí iná kì í lọ ládùúgbò rẹ̀ ló kọ ọ́ fún ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Wọn kì í sọ bóyá ẹ̀rọ náà á gbé àmì ohùn jáde. Wọn kì í sọ ohun tí èèyàn máa ṣe bí káàdì báǹkì bá kọ̀ láti san dọ́là. Ẹni tó ń ka Yorùbá ni mo kọ èyí fún, ìbáà jẹ́ Ìbàdàn ló ń gbé, ìbáà jẹ́ Kútọnu, ìbáà jẹ́ Peckham ní London, tí kò sì fẹ́ kó owó lé ohun tí yóò padà di ẹrù nínú àpótí.

Kí la ó fi wọ̀n wọ́n?

Àmì ohùn ni mo fi ṣíwájú, kódà ṣíwájú owó. Bó ti wù kí ẹ̀rọ kan dára tó, bí kò bá lè gbé ẹ̀ àti ọ́ jáde bó ṣe yẹ, kò ṣeé fi ka Yorùbá. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣí ìwé tí ẹ bá àmì tó fò kúrò lórí lẹ́tà lọ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí tí ẹ bá àpótí òfìfo kékeré níbi tó yẹ kí lẹ́tà wà, ẹ mọ bí ó ṣe ń fi kíkà sú èèyàn. Òǹkàwé á máa dá dúró lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, á máa méfò bóyá ọkọ́ ni tàbí ọkọ̀.

Ohun tó fà á rèé. Unicode ni ètò tí gbogbo kọ̀ǹpútà àti fóònù fi ń dá lẹ́tà mọ̀. Nínú ètò yìí, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. À àti é náà ní. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dúró fún ẹ̀ tàbí ọ́. Lẹ́tà tó ní àmì nídìí ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ kọ, á wá gbé àmì ohùn lé e lórí bí ohun ọ̀tọ̀. Fọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì náà máa jókòó, èyí tí wọn kò bá sì ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ á gbé e síbi tí kò yẹ. Charis SIL, Gentium àti Noto mọ iṣẹ́ náà dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará Benin náà, nítorí ɛ àti ɔ ni ètò ìkọ̀wé ìjọba ibẹ̀ ń lò, àwọn náà kò sì ní nọ́ńbà kan ṣoṣo bí àmì ohùn bá ti gorí wọn. Nítorí náà, kò pọn dandan kí ẹ̀rọ ní Yorùbá nínú àwọn èdè tó ń fi bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ohun tó pọn dandan ni kí ó gbà kí a gbé fọ́ǹtì tiwa wọlé.

Ohun kejì ni ta ló ni ìwé lẹ́yìn tí a bá ti sanwó. Ní oṣù July 2009, Amazon pa ìwé méjì tí George Orwell kọ rẹ́ kúrò nínú Kindle àwọn tó ti rà á, nítorí pé ẹni tó gbé e sórí àtẹ kò ní ẹ̀tọ́ láti tà á. Wọ́n dá owó padà, wọ́n sì tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n inú ẹ̀rọ oníbàárà ni wọ́n ti wọlé mú un. Ní 2019, Microsoft ti ilé ìtàwé rẹ̀ pa, gbogbo ìwé tí àwọn èèyàn rà níbẹ̀ kò sì ṣeé ṣí mọ́. Àwọn náà dá owó padà. Ní Nàìjíríà, OkadaBooks tí Okechukwu Ofili dá sílẹ̀, tó ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé wa tàwé fún ẹni tó ní fóònù lásán, kógbá wọlé ní ìparí November 2023. Ìdí nìyí tí mo fi ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan: bí ilé ìtàwé yín bá ti ìlẹ̀kùn lọ́la, ṣé ìwé mi á ṣì ṣeé ṣí?

Owó, bátìrì àti ojú ló kù, bẹ́ẹ̀ sì ni irú ìwé tí ẹ ń kà, torí pé ìtàn àròsọ àti handout ilé-ẹ̀kọ́ gíga kì í ṣe ohun kan náà lójú ẹ̀rọ.

Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín

Ibí ni mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn ti bẹ̀rẹ̀. Kò ná yín ní kọ́bọ̀ mìíràn. Yálà Tecno ni, Infinix ni, itel ni, tàbí iPhone, ojú fóònù òde òní ń gbé àmì ohùn Yorùbá jáde dáadáa nínú ọ̀pọ̀ ápù, nítorí fọ́ǹtì tó wà nínú wọn ti mọ bí a ṣe ń to àmì lé lẹ́tà. Bí ẹ bá ní fáìlì EPUB (irú ìwé orí ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń tún ara rẹ̀ tò bá ojú ẹ̀rọ mu) tàbí PDF, ápù ReadEra á ṣí i lórí Android lọ́fẹ̀ẹ́ láìsí ìpolówó ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ fi fọ́ǹtì tirẹ̀ sí i lè lo Moon+ Reader. Lórí iPhone, Apple Books wà níbẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Google Play Books náà máa ń gba fáìlì tí ẹ bá gbé síbẹ̀ fúnra yín, á sì rántí ojú ìwé tí ẹ dé bí ẹ bá pààrọ̀ fóònù.

Dátà kò tún ṣòro. Ìwé ìtàn tí kò ní àwòrán kéré púpọ̀ sí fídíò kúkurú tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, bí ẹ bá sì ti gbà á sílẹ̀, ẹ kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ìwé àfetígbọ́ náà, fóònù ló dára jù fún un, torí pé Kindle àti Kobo kì í ṣí gbogbo irú fáìlì ohùn tí fóònù ń ṣí.

Àjọ Worldreader bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ghana ní 2010, Kindle ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ìwé wọn sórí fóònù, torí pé ibẹ̀ ni àwọn òǹkàwé wà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kíka ìwé lórí fóònù kì í ṣe ìwé kíkà, ẹ má dá a lóhùn.

Àléébù rẹ̀ náà wà. Ojú fóònù ń tan iná sí ojú èèyàn ní tààràtà, ó sì ṣòro láti rí nínú oòrùn. Ìpè ń wọlé, ọ̀rọ̀ WhatsApp ń wọlé, kíkà ń já. Bátìrì tí ẹ fi ka ìwé náà lẹ máa fi pe ènìyàn, bí Nẹ́pà kò bá sì mú iná wá lálẹ́, ìwé ló máa kọ́kọ́ dúró. Díẹ̀ ni oògùn rẹ̀: ẹ ti dátà pa nígbà tí ẹ bá ń kàwé, ẹ sọ lẹ́tà di ńlá, bí fóònù yín bá sì jẹ́ OLED, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn ojú ìwé dúdú kí lẹ́tà funfun, torí pé irú ojú bẹ́ẹ̀ kì í fi iná sí ibi tó dúdú.

Ohun tó wà lójú ẹ̀rọ ìkàwé

Kindle, Kobo àti Boox, orísun kan náà ni ojú wọn ti wá: E Ink, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997 láti inú iṣẹ́ ìwádìí ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà. Àwọn hóró kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ló kún abẹ́ rẹ̀. Nínú hóró kọ̀ọ̀kan, ohun dúdú àti ohun funfun wà. Iná mànàmáná á fa ọ̀kan wá sókè, á ti èkejì lọ sísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ti jókòó tán, wọ́n á dúró bẹ́ẹ̀ láìgba iná mọ́. Ìgbà tí ẹ bá ṣí ojú ìwé tuntun nìkan ni wọ́n tún ń gba iná, àfi ti gílóòbù kékeré tó ń tàn fún kíkà lóru. Ìdí nìyí tí bátìrì wọn fi ń lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí oòrùn ọ̀sán gan-an sì fi ń jẹ́ kí wọ́n túbọ̀ hàn.

Ẹ kíyè sí ọ̀nà tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń ka ọ̀sẹ̀ yẹn. Ìdajì wákàtí kíkà lójúmọ́ ni Amazon fi ń ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń ka wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, kó pín iye ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kọ sára páálí sí ọ̀nà mẹ́fà. Síbẹ̀, fún ẹni tó ń gbé níbi tí iná kò ti dúró, ẹ̀rọ tó lè lo ọjọ́ púpọ̀ láìrí ṣáájà jẹ́ ìbùkún.

Kindle

Òun ló lókìkí jù. Ní November 2007 ni Amazon gbé àkọ́kọ́ jáde ní dọ́là 399, ó sì tán lórí àtẹ láàárín wákàtí díẹ̀. Àwọn tó jáde ní October 2024 ló yẹ kí ẹ fi wé ara wọn bí ẹ bá fẹ́ tuntun. Kindle lásán, tó jẹ́ íǹṣì 6, bẹ̀rẹ̀ láti $109.99. Paperwhite, tó jẹ́ íǹṣì 7 tí omi kò sì lè bà jẹ́ bí ó bá já sínú báfù, bẹ̀rẹ̀ láti $159.99. Colorsoft tó ń fi àwọ̀ hàn jẹ́ $279.99 nígbà tó jáde. Iye tí wọ́n tà á ní Amẹ́ríkà nìyẹn o. Bí ó bá fi máa dé Ìkẹjà, owó ọkọ̀, owó ibodè àti èrè oníṣòwò á ti gorí rẹ̀. Èyí tó rọjú jù nínú wọn máa ń polówó ọjà lójú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá pa á tì. Kò pa kíkà lára, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó rà á.

Ibi tí Kindle ti lágbára ni ilé ìtàwé Amazon. Bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì lẹ bá ń kà jù, tí ẹ sì ní káàdì tó ń san dọ́là tàbí pọ́n-ùn, kò sí ibòmíràn tí ìwé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú kan, ìwé ti dé. Ojú rẹ̀ mọ́, ó fúyẹ́, kò sì lọ́jú pọ̀ láti lò. Mo ti rí àwọn àgbàlagbà tí wọn kò fẹ́ràn fóònù tí wọ́n mọ̀ ọ́n lò kíákíá, torí pé wọ́n lè sọ lẹ́tà di ńlá bó bá ṣe wù wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ta ló ni ìwé ni kò jẹ́ kí n fi ọkàn balẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù February 2025, Amazon mú ọ̀nà tí oníbàárà fi ń gba ìwé tó rà sórí kọ̀ǹpútà, kó sì fi wáyà gbé e sórí Kindle, kúrò. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé tí èèyàn bá rà níbẹ̀, inú ọgbà Amazon ló ti ń kà á. Ọ̀nà wà láti mú ìwé ti ibòmíràn wọlé: láti 2022, Send to Kindle ń gba EPUB, ẹ lè fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ ímeèlì, Amazon á sì yí i padà sí irú èyí tí Kindle mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi wáyà gbé EPUB sínú Kindle ní tààràtà, kò ní ṣí i. Àwọn tó bá ní kọ̀ǹpútà lè fi Calibre, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, yí ìwé wọn padà nílé láìfi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ní ti àmì ohùn, Kindle òde òní yẹ fún un, bí ẹ bá ṣe iṣẹ́ díẹ̀. Ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí fódà tó ń jẹ́ fonts, ẹ da Charis SIL tàbí Gentium síbẹ̀, ẹ wá yàn án nígbà tí ẹ bá ṣí ìwé. Àyípadà á hàn lójú ẹsẹ̀. Fún ìwé Yorùbá tí wọ́n ń tà lórí Amazon, ẹ kọ́kọ́ gba àpẹẹrẹ rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ẹ wo bóyá ẹni tó ṣe é fi àmì sí i rárá. Mo ń sọ èyí nítorí pé àṣìṣe náà kì í ṣe ti ẹ̀rọ nígbà míràn: inú ìwé fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti já àmì sílẹ̀, kò sì sí fọ́ǹtì tó lè dá ohun tí kò sí níbẹ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ Kindle tòkunbọ̀ ńkọ́? Ó wà káàkiri Computer Village, ọjà ẹ̀rọ tó wà ní Ìkẹjà, iye rẹ̀ sì máa ń fa ojú mọ́ra. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tàn án lójú yín, kí ẹ sì rí i pé orúkọ ẹni àkọ́kọ́ tó ni ín ti kúrò lórí rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ti kéde fún Amazon pé ó sọnù tàbí pé wọ́n jí i, kò ní gbà kí ẹ fi orúkọ yín sí i láéláé. Ẹ wo ihò ṣáájà rẹ̀ pẹ̀lú: Paperwhite láti 2021 àti Kindle lásán láti 2022 ń lo USB-C bíi fóònù tuntun, àwọn tó ṣáájú wọn ń lo ihò àtijọ́.

Kobo

Bí wọ́n bá ní kí n fi owó mi ra ẹ̀rọ ìkàwé kan ṣoṣo fún kíka Yorùbá, Kobo ni. Ìlú Toronto ní Kánádà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2009, kí Rakuten ti ilẹ̀ Japan tó rà á ní 2012. Ní April 2024, wọ́n gbé mẹ́ta jáde lẹ́ẹ̀kan: Clara BW tó jẹ́ $129.99 nígbà náà, Clara Colour tó jẹ́ $149.99 nígbà náà, àti Libra Colour tó jẹ́ $219.99 nígbà náà, tó ní bọ́tìnnì fún ṣíṣí ojú ìwé. Omi kò lè wọ inú ọ̀kankan nínú wọn.

EPUB ni èdè abínibí Kobo. Ìwé tí òǹkọ̀wé fi ránṣẹ́ sí yín, èyí tí ẹ rà lọ́wọ́ akéde kékeré ní Ìbàdàn, èyí tí ẹ gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Project Gutenberg, ẹ kàn fi wáyà dà á sórí rẹ̀, ó ti parí. Kò sí ìyípadà, kò sí ímeèlì, kò sí ẹni tó wà láàárín. Fáìlì yẹn á wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ sì lè gbé e lọ sórí fóònù lọ́la. Èyí ni mò ń pè ní kéèyàn ni ìwé rẹ̀. Lóòótọ́, Kobo náà ń ta ìwé tí wọ́n fi àgádágodo tì, ṣùgbọ́n kò fi dandan mú yín láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ rà.

Fọ́ǹtì náà rọrùn. Ẹ dá fódà kan sílẹ̀ lórí rẹ̀ kí ẹ pè é ní fonts, ẹ kó fọ́ǹtì síbẹ̀, yóò jáde nínú àkójọ. Ẹni tó bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ lè fi KOReader sí i, ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń ṣí PDF lọ́nà tó dára ju ti ilé-iṣẹ́ lọ, tó ń gé etí funfun ojú ìwé kúrò kí lẹ́tà lè tóbi.

Kobo tún fi ohun kan ṣe mí lóore: wọ́n bá iFixit ṣe àdéhùn láti máa tẹ ìtọ́sọ́nà jáde àti láti máa ta ẹ̀yà ara fún àwọn ẹ̀rọ 2024 yìí, kí bátìrì tàbí ojú tó bá bàjẹ́ má bàa sọ gbogbo ẹ̀rọ di ààtàn. Ní ilẹ̀ wa tí àwọn ọmọ Computer Village ti ń tún ohun gbogbo ṣe, ẹ̀rọ tó ṣeé tú níye lórí gan-an.

Àwọn ará wa ní ìlú òyìnbó, ẹ tẹ́tí sí èyí. OverDrive, ètò tí àwọn ilé-ìkàwé fi ń yá èèyàn ní ìwé orí ẹ̀rọ, wà nínú Kobo látilẹ̀wá, ìyẹn ni pé bí ẹ bá ní káàdì ilé-ìkàwé àdúgbò yín tó ń lò ó, yálà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Amẹ́ríkà, ẹ lè yá ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ẹ̀rọ náà gan-an. Kindle náà ń yá ìwé ilé-ìkàwé, ṣùgbọ́n ti Amẹ́ríkà nìkan. Ẹni tó ń gbé ní London tó bá ra Kindle nítorí ilé-ìkàwé ti ṣìnà.

Kí wá ni àléébù rẹ̀? Ó ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà. Ẹ lè rin ìsọ̀ mẹ́wàá kí ẹ má rí ọ̀kan, bí ẹ bá sì rí i, àpò rẹ̀ àti ohun èlò rẹ̀ ṣòro láti rí. Èyí tó pọ̀ jù lára àwọn tó ní in, ẹbí tó ń bọ̀ láti òkèèrè ló bá wọn mú un wá. Àwọn tó ní àwọ̀ náà, ẹ má jẹ́ kí orúkọ wọn tàn yín: àwọ̀ wọn kò mọ́lẹ̀ bíi ti fóònù, ojú wọn sì ṣókùnkùn díẹ̀ ju ti Clara BW lọ. Fún ìwé tó jẹ́ lẹ́tà nìkan, dúdú àti funfun ló dùn kà jù.

Boox

Díẹ̀ ni mo ní láti sọ lórí rẹ̀. Ojú E Ink ni, Android ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà ápù tí ẹ ń lò lórí fóònù á ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Palma tó jáde ní 2023 ní $279.99 tóbi tó fóònù, ó bọ́ sápò dáadáa. Àǹfààní kan wà tí Kindle àti Kobo kò ní: ẹ lè fi Gboard, kíbọọ̀dù Google, sí i kí ẹ máa fi àmì ohùn kọ àkíyèsí yín ní Yorùbá, tàbí kí ẹ wá ọ̀rọ̀ inú ìwé bó ṣe rí gan-an. Kò sí bọ́tìnnì Yorùbá lórí àwọn méjì yòókù, ó sì ń dun ẹni tó ń ṣe ìwádìí. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, bátìrì rẹ̀ kò tó tiwọn, Android tó wà nínú rẹ̀ sì máa ń di àtijọ́. Olùkọ́, òǹkọ̀wé àti atúmọ̀ èdè ni mo lè sọ fún pé kí wọ́n wò ó.

Táblẹ́ẹ̀tì

PDF ni iṣẹ́ rẹ̀. Ojú ìwé A4 fẹ̀ ju íǹṣì 8 lọ, ó sì gùn ju íǹṣì 11 lọ. Bí ẹ bá fún un sínú ẹ̀rọ íǹṣì 6, lẹ́tà á kéré débi tí ojú kò ní lè gbà á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí gbogbo handout wọn jẹ́ PDF, tàbí tí wọ́n ń ka ìwé ìṣègùn tó ní àwòrán, kí wọ́n má ra Kindle. Táblẹ́ẹ̀tì íǹṣì 10 tàbí 11, bíi Samsung Galaxy Tab A9+ tó jáde ní 2023, ló máa ṣe wọ́n láǹfààní, wọ́n á sì lè fi ka ìwé, kí wọ́n wo fídíò ẹ̀kọ́, kí wọ́n tún kọ nǹkan.

Nǹkan kan tún wà tó kan Yorùbá ní pàtó. Ìwé àtijọ́ wa tó wà lórí Internet Archive, títí kan iṣẹ́ tí Samuel Àjàyí Crowther ṣe lórí èdè yìí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwòrán ojú ìwé ni wọ́n. Ibẹ̀ náà ń fúnni ní EPUB tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kà láti ara àwòrán, ṣùgbọ́n ẹ má gbà á: kọ̀ǹpútà ń ka àmì ohùn bí ẹni pé ìdọ̀tí ni, ohun tó máa ń jáde níbẹ̀ kì í ṣe Yorùbá mọ́. PDF ni kí ẹ gbà, ojú ńlá ni kí ẹ sì fi kà á.

Bátìrì táblẹ́ẹ̀tì kì í ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ fún ẹni tó ń lò ó gan-an, ó wúwo lọ́wọ́ fún kíkà lórí ibùsùn, ìṣòro oòrùn àti ti ìpè tó ń wọlé tí mo sọ lórí fóònù sì bá a dé ibí.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Bí ẹ kò bá tíì ka ìwé kan tán lórí ẹ̀rọ rí, ẹ má ra nǹkan kan. Ẹ fi ReadEra sórí fóònù, ẹ ka ìwé kan parí, kí ẹ tó mọ̀ bóyá ó bá yín lára mu.

Ẹni tó bá ń ka Gẹ̀ẹ́sì jù, tó ń ra ìwé lóṣooṣù, tí káàdì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lókè òkun, kó mú Kindle. Paperwhite bí owó bá tó o, èyí lásán bí kò bá tó. Ẹni tó ń ka Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀, tó ń gba fáìlì láti ọ̀dọ̀ onírúurú èèyàn, tó sì fẹ́ kí ìwé rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀ títí, kó wá Kobo Clara BW, kódà bó bá gbà kó dúró de ẹni tó ń bọ̀ nílé ní December. Ará London, ìwọ náà, Kobo. Akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tó ń ka ìwé àtijọ́, táblẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń fi Yorùbá ṣiṣẹ́ ṣe, tó ń kọ àkíyèsí sí etí ìwé, kó wo Boox bí owó bá wà.

Àgbàlagbà tí ojú ti ń dùn, E Ink ni kí ẹ rà fún wọn, ẹ bá wọn to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé e fún wọn: fọ́ǹtì, lẹ́tà ńlá, ìwé márùn-ún tí wọ́n máa fẹ́ràn. Bíbélì tàbí Kùránì tí wọ́n mọ̀ ni kí ẹ fi ṣe àkọ́kọ́.

Àwọn òbí tó wà ní òkèèrè tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn mọ Yorùbá, ẹ má fi ẹ̀rọ dúdú àti funfun bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kékeré nílò àwòrán tó ní àwọ̀, ó sì nílò kí ó máa gbọ́ ohùn bó ṣe ń rí àmì. Táblẹ́ẹ̀tì tí kò wọ́n, tí ẹ ti yọ YouTube àti géèmù kúrò lórí rẹ̀, tí ẹ fi ohùn ara yín ka ìwé sínú rẹ̀ kí ó lè máa gbọ́ ọ nígbà tí ẹ bá wà níbi iṣẹ́, òun ni kí ẹ fún un.